Orí Ta La Ó Gbé Ìwúwo Náà Lé?

Ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan ní Ìkìrun, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìníṣà. Ẹ̀gbọ́n ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Àbúrò jẹ́ mẹkáníìkì láti Ìníṣà, ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ló sì ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́.

ÀBÚRÒ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ríìmù alóì mẹ́rin tí mo kó sílẹ̀ lánàá ńkọ́? Oníbàárà mi ti kúrò ní Òkukù.

Ẹ̀GBỌ́N: O kú ọ̀nà. Mẹ́ta dára. Ẹ̀kẹrin ni mi ò lè dè. Wo ẹ̀yìn rẹ̀: ó ti sán rí, wẹ́dà kan jó o pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó.

ÀBÚRÒ: Mo rí i. Oníbàárà náà rí i, ó ní ká dè é bẹ́ẹ̀. Peugeot 504 tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni, èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná. Ó ti gbọ́ bí irú ọkọ̀ yẹn ṣe gba ipò kìíní nínú ìdíje eré ọkọ̀ Safari ní 1975, tí Ove Andersson wà á, àti ní 1978, tí Jean-Pierre Nicolas wà á. Ó fẹ́ kí tirẹ̀ náà fúyẹ́ lẹ́sẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé alóì yìí kò wúwo tó ìlàjì ti irin tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló wọ̀n ọ́n?

ÀBÚRÒ: Ẹni tó tà á fún un. Ó gbé ti irin sórí ìwọ̀n tòun ti táyà, ó sì gbé alóì síbẹ̀ níhòòhò.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibẹ̀ ni irọ́ ti wọlé. Èmi yá ìwọ̀n lọ́wọ́ àwọn tó ń ra kòkó, mo yọ táyà kúrò, mo wọn méjèèjì níhòòhò. Kílò méjì péré ni alóì fi fúyẹ́ jù. Lóòótọ́, bí o bá gé irin àti alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe alóì ní bákan náà, irin yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù kò lágbára tó irin, torí náà wọ́n máa ń jẹ́ kó nípọn. Èyí tó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ó ti fi tòsì dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà.

ÀBÚRÒ: Kílò méjì lẹ́sẹ̀ kan, mẹ́jọ lẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé síprìngì ló ń gbé ara ọkọ̀ àtàwọn èrò, àmọ́ kò sí síprìngì tó ń gbé ríìmù, táyà àti bíréèkì. Bí wọ́n bá wúwo, tí wọ́n bá bọ́ sí kòtò, wọ́n á ta sókè, yóò sì pẹ́ kí wọ́n tó tún di ilẹ̀ mú. Ẹ tún ní táyà ló jìnnà jù sí àárín, pé ìwúwo tirẹ̀ ló ń ni ẹ́ńjìnnì lára jù nígbà tó bá fẹ́ yí i, tó sì ń ni bíréèkì lára nígbà tó bá fẹ́ dá a dúró.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo sọ bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Wíwá ìfúyẹ́ kò burú. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé ìwúwo tí a bá yọ kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yìí, orí ta la ó gbé e lé?

ÀBÚRÒ: Orí oníbàárà. Àgbàlagbà ni, ó ti gbà.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé òun nìkan ni yóò wà lójú ọ̀nà? Àárín Ìníṣà ni yóò gbà kó tó dé ibí. Yunifásítì UNIOSUN ní ọgbà lọ́hùn-ún ní Òkukù. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ríìmù irin tó bá já sí kòtò máa ń wọ́, a ó fi òòlù lù ú, yóò tọ́. Alóì tí wọ́n ti jó pọ̀ kì í wọ́, ńṣe ló máa ń là. Bó bá là lórí eré, afẹ́fẹ́ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á sì yà síbi tí awakọ̀ kò darí rẹ̀ sí. Ìyá tó ń kiri ẹ̀kọ létí títì kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn kílò méjì.

ÀBÚRÒ: Bí ẹ bá kọ̀, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, onítọ̀hún kò sì ní yẹ̀ ẹ́ wò rárá.

Ẹ̀GBỌ́N: Bí olè ṣe máa ń rò nìyẹn: bí òun kò bá mú un, ẹlòmíràn á mú un. Mi ò láṣẹ lórí ọwọ́ gbogbo fọkanáísà Ìkìrun. Ọwọ́ méjì tèmi ni mo láṣẹ lé.

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú o, ẹ̀gbọ́n. Táyà tòkunbọ̀ tí ẹ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó irú wọn wọ ìlú. Ẹ kọ ríìmù tó sán, ẹ gba táyà tó gbó?

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rọ̀ rẹ bà mí níbi tó ń dùn mí. Nígbà tí Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt, tí Dunlop ń ṣe é ní Ìkẹjà, táyà tuntun kò kọjá agbára awakọ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní 2007, kò sì pẹ́ tí Dunlop náà fi dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni tuntun ti ń wá, dọ́là ló sì ń sọ iye rẹ̀. Ẹni tó ń ná Ìkìrun sí Òkukù kò lè ra mẹ́rin. Oúnjẹ ni awakọ̀ yẹn ń wá. Ìgbádùn ni oníbàárà tìrẹ ń wá. Ìyàtọ̀ tí mo rí nìyẹn.

ÀBÚRÒ: Ṣé ìyá ẹlẹ́kọ yóò mọ ìyàtọ̀ náà? Táyà tó bẹ́ nítorí àìní, ṣé jẹ́jẹ́ ló máa ń gbá ènìyàn?

Ẹ̀GBỌ́N: (Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀.) Rárá. O ti mú mi. Àìní lè sọ ìdí tí mo fi tà á, kò lè sọ táyà náà di tuntun. Gbé èyí wá. Ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÀBÚRÒ: 2311.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2011 ni wọ́n ṣe é. Eyín rẹ̀ ṣì ga, ìyẹn ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: rọ́bà ti gan, ó ti ń là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mi ò lè fi gbé ọmọ tèmi dé Ìníṣà. (Ó mú ọ̀bẹ, ó ya ẹ̀gbẹ́ táyà náà.)

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n! Owó yín ńkọ́?

Ẹ̀GBỌ́N: Owó mi ni mò ń gé yìí, ó sì ń dùn mí. Bí mo bá kàn jù ú sí ààtàn, ẹnìkan á ṣà á tà. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ èrè ni kó gbé ìwúwo rẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ jèrè èyí. Kò yẹ kí ìyá ẹlẹ́kọ bá mi rù ú.

ÀBÚRÒ: Kí ni ká wá ṣe fún oníbàárà mi?

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹ́ kó wọn ríìmù fúnra rẹ̀, ní ìhòòhò sí ìhòòhò. Fi ibi tó sán hàn án. Sọ fún un pé ọ̀nà tó burú ni 504 fi lókìkí. Kó dá irin bàbá rẹ̀ padà, kó ra táyà tuntun tó bá a mu, láìfẹ̀ jù, kó kó pàǹtí inú búùtù rẹ̀ dànù. Ọkọ̀ náà yóò fúyẹ́. Bó bá ṣì fẹ́ alóì, kó wá èyí tí kò sán. Bó bá ní èyí náà lòun fẹ́, kó gbé e, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ́ ni yóò dè é.

ÀBÚRÒ: Ọwọ́ tèmi náà kọ́. Táyà mélòó ló kù tí ọjọ́ rẹ̀ ti lọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n pọ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ọ̀bẹ kejì.