Ta Ló Yẹ Kó Kọ́ Ọ̀mọ̀wé?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn: ǹjẹ́ ìwé tí ènìyàn kà fún un ní àṣẹ láti pa ẹni tí kò kàwé lẹ́nu mọ́? Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe.

Èmi ni mò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wa ní Lokongoma, níbí ní Lọ́kọ́ja. Mo yege ìdánwò orin, mo sì lè ka ìwé orin. Bàbá kan tó wá láti Kàbbà ló ń lu gángan fún wa. Bàbá náà kò lọ sílé ìwé. Lọ́jọ́ kan, mo gbé orin tuntun wá, nínú èyí tí mo ti pe Jésù ní ọkọ̀ ìgbàlà. Bàbá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dáwọ́ dúró.

“Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ ni Jésù ni àbí ọkọ́? Bí o ṣe gbé ohùn yẹn sókè, ọkọ́ tí a fi ń roko ni gángan mi ń pè.”

Gbogbo akọrin bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo sì fi ìbínú dáhùn pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ ìwé orin nìkan ni kó máa tún orin ṣe.” Bàbá gbé gángan wọn kọ́ èjìká, wọ́n lọ sílé. Wọn kò padà wá mọ́.

Ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba ló jẹ́ kí n rí ẹ̀ṣẹ̀ mi. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1935. Ó kọ́ dùùrù pianó ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún kàwé ní Yunifásítì California ní Los Angeles. Ta ni ìbá bá a jiyàn bó bá sọ pé òun ti mọ orin tán? Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana, èyí tó gbà ní 1974, ìlù dùndún ló yàn láti kọ́. Ọ̀dọ̀ àwọn onílù ni ìmọ̀ yẹn wà, ọ̀dọ̀ wọn ló sì lọ. Ní 1990, ìwé rẹ̀ lórí dùndún jáde.

Síbẹ̀, kò ju dùùrù nù. Ó wá ọ̀nà tí dùùrù yóò fi máa tọ ipa ìlù àti àwọn ohun èlò orin ilẹ̀ wa, ó sì pè é ní African Pianism. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà láti 1993 títí di 2011. Ó kú ní 2020.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Ṣé ìwé tí a kà kò wúlò ni?” Ó wúlò púpọ̀. Ṣùgbọ́n gángan mọ ohun tí ìwé mi kò kọ́ mi. Bí onílù bá fún ọ̀ṣán rẹ̀, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ wa ni ìlù ń tọ̀, nítorí náà kò lè bá mi parọ́.

Ẹ rántí Apollo nínú Ìṣe Àwọn Aposteli orí 18. Ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀, ó sì mọ Ìwé Mímọ́, síbẹ̀ Akuila àti Priskilla, àwọn tó ń pa àgọ́ jẹun, ló la ọ̀nà Ọlọ́run yé e sí i. Kò bi wọ́n léèrè ilé ìwé tí wọ́n lọ. Ìdáhùn mi nìyí: ìmọ̀ kò fún wa ní àṣẹ láti pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, gbèsè etí ló dá sí wa lọ́rùn.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. Wọ́n dárí jì mí, ṣùgbọ́n wọn kò padà sí ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n ní kí n máa wá sílé àwọn ní ọjọ́ Sátidé. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tí mo ti ń lọ. N kò tíì mọ gángan lù, ṣùgbọ́n mo ti tún orin mi ṣe: ọkọ̀ ti di ọkọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ti gboyè jáde, ta lẹ ti fi ìwé ẹ̀rí yín lé lọ? Ẹ wá a lọ. Kí Olúwa fún wa ní etí ọmọ ẹ̀yìn. Àmín.