Ikin Tó Ṣẹ́kù Lọ́wọ́ Òsì

Ẹni tó bá ti jókòó ti babaláwo rí nígbà tó ń fi ikin dá Ifá kò ní gbàgbé ìró yẹn. Ikin mẹ́rìndínlógún tó ti dán fún àìmọye ọdún ìfọwọ́rà ń gbá ara wọn nínú àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ òsì ló gbé wọn, ọwọ́ ọ̀tún á wá já wọn gbà lẹ́ẹ̀kan náà, wàrà. Ojú gbogbo èrò a máa wà lára ọwọ́ tó já a gbà. Ojú babaláwo ní tirẹ̀, ọwọ́ òsì ló ń wò. Bí ikin kan bá ṣẹ́kù níbẹ̀, á tẹ ìlà méjì sórí ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, ìlà kan. Bí ó bá ju méjì lọ, kò sí ìlà, ọwọ́ kò kó o tó. Bí kò bá sì ku ẹyọ kan, kò sí ìlà náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ìlà gbọ́dọ̀ balẹ̀ kí odù kan tó yọjú, ọ̀kan nínú 256.

Ọmọdé ni mí nígbà tí mo bi bàbá kan ládùúgbò wa pé, “Bàbá, ṣé ọwọ́ yín ò lè kó gbogbo rẹ̀ ni?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó lè kó o, ọmọ mi. Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ tán, kí ni Ifá ó fi sọ̀rọ̀?”

Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá yìí bá mi dé jìnnà. Orí yìnyín ni.

NHL ni wọ́n ń pe líìgì họ́kì orí yìnyín tó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Bàtà onírin lẹ́sẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pọ́ọ̀kì kiri bí ẹni ń lé ọlọ́ṣà. Eré náà dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò ẹ̀yìn rẹ̀ ló gba ọkàn mi. Gbèdéke wà lórí owó tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lè fi gba eléré lọ́dún. Ẹni tó ni ikọ̀ ìbáà lówó ju Dangote lọ, kò gbọdọ̀ kọjá a. Ní sáà 2005–06 tí gbèdéke náà bẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 39 dọ́là ni. Ní sáà 2025–26, ó ti di mílíọ̀nù 95.5. Ìsàlẹ̀ pàápàá ní ìwọ̀n, ní sáà náà, ikọ̀ kò gbọdọ̀ ná kí ó dín ní mílíọ̀nù 70.6. Nínú owó yìí ni máníjà ti máa rí eléré tí kò ju 23 lọ. Ogún ló ń wọ aṣọ lọ́jọ́ eré, ẹnì kan ṣoṣo kò sì gbọdọ̀ gbà ju ìdá kan nínú márùn-ún gbèdéke náà lọ.

Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Ifá bo ohun tí ọmọ aráyé fọwọ́ ara wọn ṣe. Gbèdéke yìí kò ti ọ̀run wá. Àwọn tó ni ikọ̀ ló ti ilẹ̀kùn pápá mọ́ àwọn eléré ní 2004. Odindi sáà kan ṣòfò, Ife Stanley tí aṣẹ́gun líìgì náà máa ń gbà ò lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní 2005, kí ẹgbẹ́ àwọn eléré tó gbà. Elédùmarè ló fún babaláwo ní ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀. Olówó ló gé ọwọ́ máníjà kúrú. Àmọ́ bó ṣe wù kó kúrú tó, òun náà ni yóò fi já ikin gbà.

Chicago ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ká yà.

Ọdún 49 ni àwọn ará ìlú náà ti ń retí Ife, láti 1961. Lálẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2010, ikọ̀ wọn, Blackhawks, wà ní Philadelphia. Góòlù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n jẹ ara wọn, wọ́n ti wọ àfikún àkókò. Patrick Kane, ọmọ ọdún 21, gbá pọ́ọ̀kì láti ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n, níbi tó há gádígádí. Pọ́ọ̀kì di àwátì. Iná pupa tó máa ń tàn bí góòlù bá wọlé kò tàn. Èrò dákẹ́, rẹfirí ń wò, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ikọ̀ ń wojú ara wọn. Kane nìkan ló ti da ìbọ̀wọ́ nù, tó ń sáré lọ sí òdìkejì pápá pẹ̀lú ariwo ayọ̀. Abẹ́ tìmùtìmù ìdí àwọ̀n ni pọ́ọ̀kì há sí. Góòlù ni. Chicago gba Ife.

Ire dé. Ẹni tó bá mọ ìdí Ifá á béèrè pé, ẹbọ ńkọ́? Àṣìṣe àwọn tó ń wo Ifá lókèèrè ni pé wọ́n rò pé ìgbà tí ibi bá jáde lórí ọpọ́n nìkan ni ẹbọ ń wáyé. Bí ire bá jáde gan-an, babaláwo á tún da ìbò, á béèrè ohun tí wọ́n máa fi dá ire náà dúró kó má bàa bọ́ lọ. Ohun tí Ifá sì ń gbà kì í ṣe èyí tí wọ́n ti sọ sí ààtàn. Nínú èyí tó wúlò fún oníbèéèrè ló ti ń yọ.

Inú ìwé àdéhùn Chicago ni ẹbọ tiwọn lúgọ sí. Kane àti Jonathan Toews ṣe bẹbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí owó àjẹmọ́nú tí wọ́n ṣèlérí fún wọn fi yọ kọjá gbèdéke sáà náà. Ohun tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là lọ ni wọ́n yí mọ́ ti sáà tó ń bọ̀. Mílíọ̀nù 59.4 péré ni gbèdéke tuntun. Kane àti Toews ti fọwọ́ sí àdéhùn mílíọ̀nù 6.3 lọ́dún, ẹnì kọ̀ọ̀kan. Duncan Keith àti Marián Hossa náà ní tiwọn nílẹ̀, àdéhùn tó gùn ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kí ìlù ayọ̀ tó dákẹ́, ọwọ́ ti kún.

Oṣù kẹfà yẹn kò tíì parí tí Dustin Byfuglien fi di ará Atlanta, ẹni tó ju góòlù 11 sílé nínú ìdíje tó gbé Ife wálé. Brent Sopel àti Ben Eager bá a lọ. Ẹ̀kẹrin wọn kò sí lẹ́nu àwọn oníròyìn: Akim Aliu. Òkéné ni wọ́n bí i sí, níbí ní Nàìjíríà, ọmọ bàbá tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa àti ìyá tó jẹ́ ọmọ Ukraine. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà náà, kò tíì wọ pápá fún ikọ̀ àgbà Chicago lọ́jọ́ kan. Lójú ìyá ọlọ́jà, èènì ni irú ẹni bẹ́ẹ̀: wọ́n ti na ọjà tán kí wọ́n tó bù ú lé e. Eré méje ló padà gbá ní NHL, Calgary ló sì gbá gbogbo rẹ̀ fún. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí wọ́n bá ń fi ẹnu gbèdéke sọ̀rọ̀ bí ẹni pé nọ́ńbà lásán ni. Ènìyàn ni ohun ẹbọ níbí yìí, ẹnì kankan kò sì béèrè lọ́wọ́ ohun ẹbọ bóyá ó wù ú. Ibi tí àfiwé mi ti ń ta mí lẹ́gùn-ún nìyẹn, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè yọ ẹ̀gún náà.

Kris Versteeg lọ sí Toronto, Andrew Ladd tẹ̀ lé Byfuglien. Ó wá ku ìbò.

Bí ìbò ṣe rí ni pé oníbèéèrè á di owó ẹyọ mú lọ́wọ́ kan, á di egungun mú lọ́wọ́ kejì, babaláwo kò sì mọ ọwọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ọ̀kan ni Ifá máa mú. Ní oṣù keje ọdún 2010, ikọ̀ San Jose gbé mílíọ̀nù 14 dọ́là fún ọdún mẹ́rin lọ bá Niklas Hjalmarsson, ọ̀dọ́mọdé eléré ẹ̀yìn Chicago. Òfin fún Chicago ní ọjọ́ méje: kí wọ́n san iye yẹn gan-an, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ. Wọ́n san án. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni onílàjà ní mílíọ̀nù 2.75 ni owó ọdún kan tó tọ́ sí Antti Niemi, aṣọ́lé tó dúró sẹ́nu àwọ̀n lálẹ́ Philadelphia. Owó yẹn kò sí mọ́. Chicago fi aṣọ́lé tó gbé Ife fún wọn sílẹ̀. Ta ló gbà á? San Jose kan náà ni. Oníṣòwò tó kọ́kọ́ gbówó lé ọjà ẹni, tó tún padà wá he èyí tó bọ́ lẹ́nu àpò, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ tó kẹ́yìn ni Chicago tó rá pálá wọnú ìdíje àṣekágbá, àfi ìgbà tí Dallas pàdánù kí àyè tó yọ fún wọn. Vancouver sì lé wọn jáde ní ìpele àkọ́kọ́. Àwọn tó ń pariwo pé wọ́n ti ta ikọ̀ tán rí ẹ̀rí mú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ òsì. Níbi tí Niemi ti kúrò, wọ́n kọ́kọ́ fi Marty Turco dí i, àgbà aṣọ́lé tó gba mílíọ̀nù 1.3. Kò bá wọn mu. Wọ́n wá bojú wẹ̀yìn wo Corey Crawford, tí wọ́n ti yàn láti 2003, tó ń fi líìgì kékeré jẹun láti ọdún dé ọdún. Crawford ló wà lẹ́nu àwọ̀n nígbà tí Chicago tún gba Ife ní 2013, òun náà ni ní 2015, Hjalmarsson sì wà níwájú rẹ̀ nígbà méjèèjì. Mi ò sọ pé máníjà wọn lá àlá Crawford. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlà yẹn ì bá má lè balẹ̀ bí ọwọ́ bá gbá Niemi náà mọ́ra. Ihò tó ṣẹ́kù ló sọ̀rọ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ jẹ ire kí wọ́n má rúbọ. Tampa Bay gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ní 2021. Òfin ìgbà náà ní ikọ̀ lè ná kọjá gbèdéke dípò ẹni tó fara pa fún ìgbà pípẹ́, gbèdéke kò sì ń ṣiṣẹ́ nínú ìdíje àṣekágbá. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún Nikita Kucherov, ẹni mílíọ̀nù 9.5, kò gbá ẹyọ kan nínú eré 56 sáà náà. Ọjọ́ tí ìdíje àṣekágbá bẹ̀rẹ̀ ló dé, kò sì sẹ́ni tó ṣe tó o títí wọ́n fi gba Ife. Nínú ayẹyẹ, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n fi mílíọ̀nù 18 kọjá gbèdéke. Wọn kò rú òfin kankan. Oríta tí òfin méjì ti pàdé ni wọ́n gbà kọjá, ilé Èṣù sì ni oríta. (Èṣù tí mo ń wí kì í ṣe Sàtánì tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì fi orúkọ rẹ̀ pè, òun ló ń yẹ ẹbọ wò, tó sì ń gba ìpín tirẹ̀.) Láti sáà 2025–26, ogún ènìyàn tó bá wọ aṣọ fún eré àṣekágbá gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ gbèdéke. Oríta ti di títì pa.

Minnesota ló dùn mí jù. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2012, ikọ̀ wọn, Wild, gba àgbà eléré méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Zach Parise àti Ryan Suter. Ọdún 13 ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 98 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìlú ń jó. Ọwọ́ ọ̀tún já gbogbo ikin gbà, kò ku ẹyọ kan, Ifá sì dákẹ́ lóòótọ́: ní gbogbo ọdún tí àwọn méjèèjì fi wà níbẹ̀, ikọ̀ náà kò kọjá ìpele kejì.

Nígbà tó di 2021, máníjà Bill Guerin fòpin sí àdéhùn méjèèjì nígbà tó ku ọdún mẹ́rin. Òfin ní kí irú owó bẹ́ẹ̀ tàn ká ìlọ́po méjì ọdún tó kù, ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Ní sáà 2023–24, nígbà tí gbèdéke jẹ́ mílíọ̀nù 83.5, ohun tó ju mílíọ̀nù 14.7 nínú rẹ̀ ti wọ orí àwọn méjì tí kò sí nílé mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́fà owó ọbẹ̀ lọ, fún ẹni tí kò ní jókòó tì yín jẹun. Guerin mọ̀ kó tó ṣe é. Iye rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo gbà pé ó ṣe dáadáa. Ẹbọ tí wọn kò rú ní 2012 ló rú, èlé ti gorí ẹ̀.

Èyí tó wúwo jù nínú gbèsè náà kúrò lọ́rùn wọn lẹ́yìn sáà 2024–25. Kí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 tó parí, wọ́n ti fún Kirill Kaprizov ní mílíọ̀nù 136 dọ́là fún ọdún mẹ́jọ, àdéhùn tó tóbi jù tí líìgì náà tíì rí títí di ìgbà náà. Bóyá ọwọ́ tún ti kún jù, mi ò tíì lè sọ, ìlà kò tíì balẹ̀. Parise ti fẹ̀yìn tì kúrò nínú eré. Títí sáà 2028–29, Minnesota yóò ṣì máa ka nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.67 dọ́là lọ́dọọdún sí orúkọ òun àti Suter.