Èló ni Àpá Ogun?

Yorùbá gbà pé ohun tí ó bá ti wọ ọjà ní iye, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé iye àti iyì jẹ́ ohun kan náà. Ènìyàn lè mọ iye owó nǹkan kí ó má mọ iyì rẹ̀. Ó sì lè mọ iyì rẹ̀ dáadáa kí ó má lè dá owó lé e. Ọ̀rọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yé mi títí di ọjọ́ tí àbúrò mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó ń gbé ní Ìkòyí-Ilé, mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan tọ̀ mí wá.

Land Rover àwọn ológun ni ọkọ̀ náà. Bàbá rẹ̀ ni ó rà á ní gbàǹjo lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí ó jà ní ilẹ̀ yìí láti 1967 sí 1970. Ó pẹ́ lábẹ́ igi kí àbúrò mi tó gbé e fún àwọn mẹkáníìkì ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n tún un ṣe títí tí ó fi ń rìn. Ihò ọta ìbọn méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oníbàárà kan láti Èkó ní òun yóò fi owó kún owó bí wọ́n bá lè dí ihò náà, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kun ọkọ̀ náà kí ó máa dán bíi tuntun. Àbúrò mi bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, èló ni kí n pè é? Ṣé kí n sì dí i?"

Ìbéèrè méjì ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ni ó so wọ́n pọ̀.

Ní ti èkíní, àwọn tí ń ṣòwò ọkọ̀ ogun àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní ìlànà tiwọn. Wọn a wò ó bóyá nọ́ńbà tí wọ́n lù mọ́ ẹ́ńjìnnì àti mọ́ ara irin rẹ̀ bá ìwé mu. Bóyá ẹ̀yà ara tí ó bá dé láti ilé-iṣẹ́ ni ó ṣì wà lára rẹ̀. Bóyá irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bóyá ọwọ́ ẹni tí ó tún un ṣe mọ́. Àti bóyá ẹni tí ń wá a pọ̀. Owó tí a ná sórí àtúnṣe kì í fi dandan di owó ọjà. Ẹ wo jíìpù ogun àgbáyé kejì. Ó ju 600,000 lọ tí wọ́n ṣe láàárín 1941 sí 1945, iye tí ìjọba Amẹ́ríkà sì san lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tó 1,000 dọ́là. Lónìí, èyí tí wọ́n bá tún ṣe dáadáa lè ju 20,000 dọ́là lọ.

Kí ni ó wá wọ́n nínú rẹ̀? Irin kan náà ni. Ìtàn ni ó fi kún un, ọjà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ta ni? Ní 1944, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí à ń pè ní Division 81, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, la ọ̀nà tí ó ju 70 máìlì lọ gba àárín òkè ní Bọ́mà, kí jíìpù lè dé àfonífojì Kaladan. Ibi tí jíìpù kò dé, orí ni wọ́n fi ru ẹrù. Nígbà tí wọ́n bá ń dá owó lé jíìpù, kò sí ẹni tí ń ṣírò ọwọ́ àti orí wọ̀nyí mọ́ ọn.

Ní ti ìbéèrè kejì, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, Èkó. Mercedes-Benz dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976 ni wọ́n gbé síbẹ̀, pẹ̀lú ojú ọta lára rẹ̀. Bí ọlọ́wọ́ pípé kan bá dí gbogbo ihò náà lónìí, ọkọ̀ náà yóò dára lójú. Ṣùgbọ́n kò ní í jẹ́rìí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ onírin tí àwọn ará Bìáfírà fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí wọ́n pè ní Red Devil, tí a lè rí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia. Wọn kò lẹ́wà, àìlẹ́wà wọn gan-an ni ó sì ń sọ bí ojú ti pọ́n àwọn tí ó ṣe wọ́n tó.

Àwa ará Ìkòyí kò nílò kí àjèjì kọ́ wa ní èyí. Àwọn bàbá wa kì í fi dídán ara díwọ̀n Ẹ̀ṣọ́. Ibi tí ọgbẹ́ wà ni wọ́n ń wò. Bí ọfà bá bá a níwájú, ó kojú ogun. Bí ó bá bá a lẹ́yìn, sísá ni ó ń sá. Èyí tí kò ní àpá rárá, wọn a béèrè ibi tí ó wà nígbà tí ogun dé.

Ẹnì kan lè ní: ṣé kí a má tún ohunkóhun ṣe mọ́ ni? Rárá o. Ìpẹtà yàtọ̀ sí àpá. Àìtọ́jú ni ó ń fa ìpẹtà, ìtàn ni ó ń dá àpá. Ìlú Ìkòyí fúnra rẹ̀ tú nínú ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ sì sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn tí ó padà tún ilé kọ́, wọ́n fi páànù bo òrùlé. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ogun kò tú ìlú wọn rí.

Ẹlòmíràn lè ní: kí a kúkú bu owó lé ihò náà, níwọ̀n ìgbà tí ó níyì. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Bí ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àpá, kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi máa lu ihò èké sára ọkọ̀ tí kò rójú ogun rí. Àti pé ọgbẹ́ ogun abẹ́lé kì í ṣe ọgbẹ́ ìyangàn bíi ti Ẹ̀ṣọ́. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni ó yìnbọn, ọmọ ilẹ̀ kan náà ni ó sì lè ti jókòó lẹ́yìn irin yẹn. Ta ni ó láṣẹ láti jẹ èrè lórí èyí?

Nítorí náà, ohun tí mo sọ fún àbúrò mi kò gùn. Mo ní: "Pe owó irin, kí o sì pe owó iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì, nítorí alágbàṣe yẹ fún owó rẹ̀. Má ṣe dí ihò náà, má sì ṣe pe owó rẹ̀. Sọ ohun tí o mọ̀ nípa rẹ̀ fún ẹni tí yóò rà á, má fi ohun tí o kò mọ̀ kún un." Ó ní ẹni náà lè má rà á mọ́. Mo ní ó ṣeé ṣe.

Títí di òní, ọkọ̀ náà ṣì wà ní Ìkòyí-Ilé. Àbúrò mi ti fi páànù bò ó kí òjò má baà bà á jẹ́. Ihò méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa ki ìka bọ̀ ọ́, wọn a sì béèrè ohun tí ó lu irin. Ẹni tí wọ́n bá bi ní láti dá wọn lóhùn.