Ta Ló Ni Stores?

Ní Mushin, ẹ má dárúkọ Stationery Stores níwájú bàbá àgbà mi o! Ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó dákẹ́. Israel Adebajo, oníṣòwò ìwé l'Ékòó, ló dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Wọ́n gba ife FA ní 1967 àti 1968. Olówó kú ní 1969. Wọ́n tún gba líìgì 1992. Nígbà tó yá, ìjà dé: ẹbí ní ogún àwọn ni, àwọn alátìlẹ́yìn ní tàwọn ni. Ẹgbẹ́ náà wó lulẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, òfin lè gbè sẹ́yìn ẹbí. Èmi ò gbà ṣá. Àbí ta ló pariwo títí ohùn fi há? Bàbá àgbà ò ná ju owó ìwọlé lọ, àmọ́ wọ́n ṣì máa ń sọ pé, "Stores wa."