Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò Lórí Àwa Ará Lokogoma

 

Ẹ̀yin ará wa nínú Islam, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba tàbí ní Saudi Arabia. Ọ̀kan nínú àwọn tí a kọ́ ní kéwú wà ní Ìlú Ọba. Kí ó tó lọ, abúlé kan ní Òkè-Ògùn ni ó ti ń gbẹ̀bí. Ó sọ fún wa pé ohun tí ó ya òun lẹ́nu lọ́hùn-ún kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Aláboyún dé lóru, wọ́n gbà á wọlé, ẹnikẹ́ni kò béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1948 tí ìjọba wọn ti dá ètò náà sílẹ̀, owó orí ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní abúlé tí ó ti kúrò, aláboyún ni ó ń ra ibọ̀wọ́, òwú àti abẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Àáfà, bí mo bá ń ju ibọ̀wọ́ nù níbí, ojú a máa tì mí."

Ìjọba kò ṣàìmọ̀. Nínú Abuja yìí ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ní oṣù kẹrin 2001 pé ìdá 15 nínú 100 ètò ìṣúná ni àwọn yóò máa ná sórí ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí á fi tiwọn sílẹ̀ ná.

Àlejò ni àwa Yorùbá níbí. Àwọn Gbagyi ni ó ń gbé ilẹ̀ yìí kí òfin 1976 tó sọ ọ́ di ti olú-ìlú. Lónìí, ọgbà ilé wa ga, jẹnẹrétọ̀ wa ń dún, bẹ́ẹ̀ ni ní àwọn abúlé tí ó yí Abuja ká, ọ̀kadà ni aláboyún ṣì ń gùn lọ bímọ. Owó tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ sì ń lọ sí aṣọ ẹbí. Àwa tí a ń ná ọjà mọ̀ pé owó kánópì àti àga ọjọ́ kan yóò ra ibọ̀wọ́ tí ilé ìgbẹ̀bí kékeré yóò lò pẹ́.

Súrà Al-Mā'ūn tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wa ń kà nínú ìrun, ẹni tí ó ń kírun tí ó sì ń fi ohun kékeré du ọmọnìkejì ni ó ń bá wí. Àwọn kan yóò ní, àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí nínú wọn ńkọ́? Sàká ní àwọn tí ó tọ́ sí, ọ̀nà mẹ́jọ ni Súrà At-Tawbah kà. Ṣùgbọ́n sàárà kì í béèrè ẹ̀sìn, ẹ̀tọ́ aládùúgbò náà kì í béèrè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ṣe súnà ọmọ lóṣù yìí, kí ó yọ owó kánópì kan sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni a ó gbà á. Àwọn ìyá Àsàlátù ni yóò kọ́kọ́ lọ bi agbẹ̀bí abúlé léèrè ohun tí kò ní, kí á má baà ra èyí tí kò wúlò fún un.