Àwàdà Láàárín Wa Lẹ́nu Iṣẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń pa ẹ̀dá lẹ́rìn-ín, tí ó sì ń pa á lẹ́kún. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun, ní mọ́sálásí, ní ọ́fíìsì àti ní ìdí ọjà.

Anas ọmọ Malik ròyìn, ó sì wà nínú àkójọ Abu Dawud àti ti Tirmidhi, pé ọkùnrin kan tọ Ànábì wá, ó ń tọrọ ohun tí òun yóò gùn. Ànábì fèsì pé ọmọ abo ràkúnmí ni òun yóò fún un. Ọkàn ọkùnrin náà dàrú: kí ni òun fẹ́ fi ọmọ ràkúnmí ṣe? Ànábì sì bi í bóyá ràkúnmí kan wà tí kì í ṣe abo ràkúnmí ni ó bí i.

Ẹ wò ó dáadáa. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ànábì yìí kan náà ni ó kéde ègbé fún ẹni tí ó ń purọ́ kí àwọn ènìyàn lè rẹ́rìn-ín. Ìlérí náà sì dúró, àwàdà kò gba ipò rẹ̀. Àwa a máa pa ẹni tí ó wá gba ìwé lẹ́rìn-ín, kí ó má baà rántí bèèrè ìwé rẹ̀.

Àwọn baba Ìjẹ̀ṣà a máa ru aṣọ lọ tà láwìn ní ìlú òkèèrè. Bí àkókò owó bá tó, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọn kò sì ní dìde àfi bí owó bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ìdí tí a fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló nìyẹn. Àwa ará Òṣogbo ń fi orúkọ náà dá wọn lápárá títí di òní. Wọn kì í bínú, àfi bí ó bá jẹ́ pé owó ni wọ́n wá gbà lóòótọ́. Àpárá ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ ni. Wọ́n lè dá a padà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wá nǹkan lọ́wọ́ rẹ kò lè dá a padà. Yóò rẹ́rìn-ín, bí ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ń gún un lọ́kàn.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti ṣe é rí. Ìyá kan tí ó ń ta epo pupa ń kọ́ kéú lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Lọ́jọ́ kan, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti pe harafi kan. Mo ní, "Ìyá, bóyá epo ni ó ń jẹ́ kí ahọ́n yín máa yọ̀." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí ara mi. Ìyá kò wá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nínú Súrà Al-Hujurat, áyà 11, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí a ń fi ṣe é lè lọ́lá jù wá lọ. Àìmọye ìgbà ni mo ti ka áyà yìí fún àwọn ènìyàn.

Mo lọ bá ìyá náà ní ìdí epo rẹ̀. Níṣojú àwọn oníbàárà ni mo ti bẹ̀ ẹ́, nítorí níṣojú àwọn ènìyàn ni mo ti sọ ọ́. Ó wò mí títí, ó ní, "Ààfáà, ẹ ra epo kí ẹ tó lọ. Ẹnu tí ó mú tó báyẹn, epo díẹ̀ yóò ṣe é lóore."

Mo ra gálọ̀nù kan. Ó padà sí kíláàsì.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún èmi àti ẹ̀yin.