Ṣé Irọ́ Ni Ìdákẹ́jẹ́ẹ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ ìdílé ló sì fi 504 tọ́ ọmọ dàgbà. Bí irú àgbà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dákú lójijì lọ́nà Ìkòtún sí Ìgandò, tí ọ́ìlì ti jò tán, tí irin ń ha irin, tí ẹ́ńjìnnì ń kan gbọ̀n-gbọ̀n, kí ni baba ilé tí kò lówó àtúnṣe yóò ṣe?

Wọ́n á gbà á nímọ̀ràn pé: "Bàbá, ẹ da ọ́ìlì tó ki sí i, ariwo á rọlẹ̀, kí ẹ tà á kíá. Ṣebí ẹni tó ń rà á lójú?"

Ó lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kì í rí inú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì yẹn kò wo àìsàn sàn. Ó kàn pa á lẹ́nu mọ́ ni. Lóru ọjọ́ kan, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò wà nínú ọkọ̀ náà láàárín títì.

Ẹ tà á, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ sọ àìsàn rẹ̀, kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò.